Ẹnu Ayẹni Ló Gba Sikọ́láṣíìpù Náà

Nígbà tí èsì ìdánwò JAMB jáde, tí Tiwalọlá Ayẹni gba ọ̀ọ́dúnrún máàkì ó lé méjìlélógójì, bàbá rẹ̀ kò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Ó gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ náà, ó wò ó, ó dá a padà, ó tún gbà á. Nígbà tó yá, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Bàdírátù tó wà nísàlẹ̀ ilé wọn ní Agbowó, ó ní kó bá òun tẹ èsì náà sórí ìwé ní ẹ̀dà mẹ́wàá.

"Ẹ̀dà mẹ́wàá, Tíṣà?" Bàdírátù béèrè. "Ta lẹ fẹ́ kó o fún?"

"N kò tíì mọ̀," Ayẹni dáhùn. "Ẹ ṣáà máa tẹ̀ ẹ́."

Tíṣà ìṣirò ni Ayẹni, ní ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba kan ní Bódìjà. Ọmọ Ọ̀mùò-Èkìtì ni, ṣùgbọ́n ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti dé Ìbàdàn. Ilé tí òun àti Àrìnpé ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ń gbé kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn, ní àdúgbò tó jẹ́ pé béèyàn bá ju òkò, orí akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò bà. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ á rò pé ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn, kí ọmọ ṣáà sọdá títì kó wọlé. Ṣùgbọ́n Ayẹni ti búra. Bólúwadúró, àkọ́bí rẹ̀, lọ kàwé ọlọ́dún mẹ́rin ní yunifásítì ìjọba, ọdún méje ló lò níbẹ̀. Kì í ṣe pé ọmọ náà fìdí rẹmi. Ìyanṣẹ́lódì ni. Nígbà kan, oṣù mẹ́jọ gbáko ni Dúró fi wà nílé, orí àga pálọ̀ ló ń jí, orí rẹ̀ ló ń sùn, títí àga náà fi jìn kòtò síbi tó máa ń gbé ìdí sí. Láti ìgbà náà ni Ayẹni ti sọ pé ilé ìwé tí wọ́n bá ní yóò wọlé lọ́jọ́ Ajé, tí yóò sì wọlé lọ́jọ́ Ajé, ni ọmọ òun kejì máa lọ. Aládàáni nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ owó oṣù tíṣà àti ti nọ́ọ̀sì kò lè gbé aládàáni.

"Orí Tiwalọlá ló máa sanwó ilé ìwé Tiwalọlá," ni ó wí fún ìyàwó rẹ̀. "Sikọ́láṣíìpù la máa wá."

Ohun tí ọmọ náà máa kà kò ní àríyànjiyàn nínú, lójú Ayẹni. Láti ọjọ́ tí Tiwalọlá ti gba ipò kìíní ní jẹ́lé-ó-sinmi ló ti ń pè é ní Dókítà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tí wọ́n ń lọ ní Bódìjà, Bàbá Ìjọ pàápàá kì í pe orúkọ ọmọ náà mọ́, "Dókítà wa" ló ń pè é, ó sì ti ń ṣàlàyé eékún tó ń dùn ún fún un láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá. Àrìnpé nìkan ni kò bá wọn dá sí i. Ó ti bá àwọn dókítà ṣiṣẹ́ fún ọdún méjìlélógún nílé ìwòsàn, ó ti rí bí wọ́n ṣe ń sùn lóòró. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ó mọ ọmọ tó bí. Tí wọ́n bá ń pa adìẹ ọdún, Tiwalọlá á wọ yàrá lọ, á fi ìrọ̀rí bo orí, kò ní jáde títí adìẹ náà á fi di ọbẹ̀.

"Ọmọ tó ń sá fún adìẹ," Àrìnpé wí, "ṣé èèyàn ló fẹ́ wá là nínú?"

"Yóò mọ́ ọn lára," Ayẹni fèsì.

Kò sẹ́ni tó bi Tiwalọlá fúnra rẹ̀. Ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ ni, kò ga, awò ojú rẹ̀ nípọn, ìwé ni ó sì máa ń wà nídìí rẹ̀ nígbà gbogbo. Bí bàbá rẹ̀ bá rí i níbi tó káwọ́ mọ́ ìwé àtijọ́ kan nínú àwọn ìwé òun, á tẹ ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ kọjá, torí kò fẹ́ dí dókítà lọ́wọ́.

Bàdírátù ló fọ̀nà hàn wọ́n. Kò kàwé kọjá girama, ṣùgbọ́n kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n ń kọ ní Nàìjíríà tí kò tíì kọjá lábẹ́ ìka rẹ̀ rí. Òun àti kọ̀ǹpútà rẹ̀ méjì ló ń forúkọ àwọn ọmọ Agbowó sílẹ̀ fún ìdánwò, Ramlah ọmọ rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀rẹ́ Tiwalọlá.

"Tíṣà," ó wí, "àwọn aládàáni ń wá ọmọ tórí ẹ̀ pé lójú méjèèjì. Wọ́n á gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Tó bá wá fakọyọ, wọ́n á ya fọ́tò ẹ̀ gàdàgbà, wọ́n á gbé e kọ́ sí oríta Challenge, kí àwọn olówó tó ń kọjá lè rí i kí wọ́n kó ọmọ tiwọn wá. Ọjà ni. Ẹ lọ ná an."

Ayẹni ra ìwé kíkọ olójú-ewé ọgọ́ta, ó fi rúlà fa ìlà sí i: orúkọ ilé ìwé, nọ́ńbà fóònù, ohun tí wọ́n sọ, àkíyèsí. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í pè.

Yunifásítì àkọ́kọ́, ọmọbìnrin kan tí ohùn rẹ̀ dùn bí oyin ló gbé fóònù. Ó ní sikọ́láṣíìpù wà, ó pọ̀ jaburata. Ayẹni mú bíírò. Ọmọbìnrin náà ní ẹni tó bá gba ipò kìíní ní ìparí ọdún àkọ́kọ́ ni àwọn máa ń fún.

"Ta ló máa sanwó ọdún àkọ́kọ́ náà?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

Lábẹ́ àkíyèsí, Ayẹni kọ ọ́ pé: "Ẹni tó ti yó ni wọ́n ń fún lóúnjẹ."

Ìkejì jẹ́ ti ìjọ ńlá kan. Àwọn yìí kò ní ìṣòro kankan pẹ̀lú máàkì Tiwalọlá, wọ́n ṣáà fẹ́ ìwé tó fi hàn pé àwọn òbí rẹ̀ ti ṣèrìbọmi nínú ìjọ àwọn láti nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ayẹni rò ó, ó rò ó. Nígbà tí wọ́n ń jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ Àìkú, ó la ẹnu.

"Ìyá Dúró, ṣé ìrìbọmi tàwọn wọ̀nyẹn yàtọ̀ sí tiwa ni?"

Àrìnpé kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Wọ́n ti fomi kàn yín lórí ní Ọ̀mùò nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́mọ ọwọ́. Bẹ́ ẹ bá tún fẹ́ wẹ̀, omi ń bẹ nílé ìwẹ̀."

Ìkẹta sọ pé àwọn ní sikọ́láṣíìpù tó kún rẹ́rẹ́, ohun gbogbo pátá, fún ọmọ tó bá mọ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n jù. Ayẹni yí ojú padà wo Tiwalọlá. Ọmọ tó jẹ́ pé tó bá fẹ́ mú àwo lókè kọ́bọ́ọ̀dù, àga ló máa ń gùn. Ó ní, "Ẹ dákun, báwo ni àwọ̀n yẹn ṣe ga tó?" Àrìnpé gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn náà, ó pa á.

Ó di ọ̀sẹ̀ kẹta. Ìwé ti kún dé ojú-ewé kẹsàn-án, kò sí ohun tó dára lábẹ́ àkíyèsí. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Bàdírátù wá dúró nísàlẹ̀, ó ń pe Tíṣà, Tíṣà. Ó ti rí ọ̀kan. Yunifásítì Ìmọ́lẹ̀wá ni wọ́n ń pè é, ilé ìwé tuntun ni. Ìdánwò ni wọ́n fẹ́ ṣe fún gbogbo ẹni tí máàkì JAMB rẹ̀ bá lé ní ọ̀ọ́dúnrún. Ẹni mẹ́wàá tó bá ta yọ, wọ́n á pè wọ́n wá pẹ̀lú òbí wọn, wọ́n á sì mú márùn-ún. Owó ilé ìwé, ibùgbé àti oúnjẹ, ọ̀fẹ́ ni fún ọdún mẹ́rin. Wọn kò béèrè ìjọ, wọn kò béèrè gíga.

"Ọdún mẹ́rin," Ayẹni wí, ó ń rẹ́rìn-ín. Tíṣà ìṣirò ni, ṣùgbọ́n ayọ̀ kò jẹ́ kó ṣírò. Kò síbi tí wọ́n ti ń fi ọdún mẹ́rin di dókítà oníṣègùn.

Òun àti Tiwalọlá jókòó ti Bàdírátù nídìí kọ̀ǹpútà. Apá kan wà nínú fọ́ọ̀mù náà tó jẹ́ ti òbí. Wọ́n ní kí òbí sọ àléébù kan tí ọmọ rẹ̀ ní. Ayẹni ní kí Bàdírátù kọ "kò sí" síbẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò gbà á, ó ní ọ̀rọ̀ náà kéré jù. Ayẹni ronú, ó ní kó kọ ọ́ pé ọmọ náà kì í jẹun púpọ̀.

"Tíṣà, àwọn ló máa bọ́ ọ," Bàdírátù wí. "Ìyẹn kì í ṣe àléébù lójú wọn."

Tiwalọlá ní kí wọ́n kọ ọ́ pé òun kì í tètè sọ ohun tó wà nínú òun. Ayẹni kò rí ìtumọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gùn tó, wọ́n sì kọ ọ́. Ibi tí wọ́n dé nìyẹn nígbà tí Bàdírátù ní kí Tíṣà mú nọ́ńbà káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ wá. Ayẹni gun òkè lọ wá a. Ó pẹ́ kó tó rí i. Nígbà tó fi padà, àwọn méjèèjì jókòó jẹ́jẹ́, wọn kò wo ara wọn, nọ́ńbà káàdì ìdánimọ̀ nìkan ló kù tí wọ́n ń dúró dè.

"Ṣé ẹ ti yan ohun tó máa kà?"

Bàdírátù wúkọ́ díẹ̀. "Ohun tó yẹ ká yàn la yàn, Tíṣà."

Tiwalọlá ṣe ìdánwò náà lọ́jọ́ Sátidé kan, pẹ̀lú àwọn ọmọ bí irínwó tó ti Òkè-Ògùn, Ọ̀ṣun àti Èkó wá. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì, àtẹ̀jíṣẹ́ dé: ó wà lára àwọn mẹ́wàá. Kó máa bọ̀ pẹ̀lú òbí ní gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ring Road, lọ́jọ́bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀.

Àrìnpé wà lẹ́nu iṣẹ́ àárọ̀ lọ́jọ́ náà, Ayẹni nìkan ló lè bá ọmọ lọ. Kóòtù tó fi ṣègbéyàwó ló gbé wọ̀. Bọ́tìnnì rẹ̀ kò dé ibi ihò mọ́, ló bá kó ẹ̀dà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá èsì JAMB náà sínú fáìlì, ó fi fáìlì náà bo ikùn. Wọ́n wọ takisí Máíkírà. Láti Bódìjà títí dé Mọ́kọ́lá ló ń kọ́ Tiwalọlá ní ohun tí yóò sọ.

"Bí wọ́n bá bi ọ́ pé kí ló dé tó o fi fẹ́ di dókítà, sọ pé o fẹ́ ran aráyé lọ́wọ́. Má sọ̀rọ̀ owó."

"Dádì, nǹkan kan wà tí mo fẹ́ sọ fún yín."

"Sọ ọ́ fún àwọn ìgbìmọ̀. Àwọn ló yẹ kó gbọ́."

Nígbà tí wọ́n dé Dùgbẹ̀, ọmọ náà tún ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́." Ṣùgbọ́n obìnrin kan tó gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì lé ẹsẹ̀ ti jókòó sáàárín wọn, kò sì sí ẹni tó lè sọ ọ̀rọ̀ ilé lórí apẹ̀rẹ̀ tòmátì.

Èèyàn méjì ló wà nídìí tábìlì nínú yàrá tí wọ́n pè wọ́n sí. Olórí ìgbìmọ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúgbádé, obìnrin tó ti tó ọmọ ọgọ́ta ọdún, tó gé irun mọ́lẹ̀, tí ojú rẹ̀ kì í kúrò lára èèyàn. Ẹnì kejì ni Ọ̀gbẹ́ni Akínbíyì, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bójú tó ìgbaniwọlé. Pátákó funfun kan wà lẹ́yìn wọn, wọ́n fi máàkà lé etí rẹ̀.

"Kí lorúkọ rẹ?" Ọ̀jọ̀gbọ́n bi ọmọ náà.

"Tiwalọlá Ayẹni ni, Mà," bàbá rẹ̀ dáhùn. "Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Máàkì rẹ̀ nìyí." Ó fún wọn ní ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó rí i pé àyè ṣì wà lórí tábìlì, ó tún fi méjì kún un.

"A dúpẹ́, sà. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ní ẹnu." Ọ̀jọ̀gbọ́n kọjú sí Tiwalọlá. "Mo rí i pé ìṣirò lo fẹ́ kà. Àwọn ọmọ tó bá ní irú máàkì yìí kì í sáábà yàn án. Kí ló dé?"

Ayẹni rẹ́rìn-ín. "Àṣìṣe kọ̀ǹpútà nìyẹn, Mà. Ìmọ̀ ìṣègùn ni."

"Sà, sikọ́láṣíìpù yìí kò kan ìmọ̀ ìṣègùn," Akínbíyì wí. "Kò kan òfin, kò kan iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó wà lójú-ewé àkọ́kọ́."

Ayẹni wo Tiwalọlá. Tiwalọlá ń wo bàtà rẹ̀.

"Ẹ má bínú, Dádì. Èmi ni mo ní kí Ìyá Ramlah yan ìṣirò. Mo fẹ́ sọ ọ́ nínú Máíkírà."

Ayẹni nímọ̀lára pé kóòtù náà tún fún un sí i. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n ló kọjú sí, bí ẹni ń bá dókítà sọ̀rọ̀ níwájú aláìsàn.

"Mà, tíṣà ìṣirò ni mí. Ohun tí mo mọ̀ ni mo ń sọ. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti fi ń kọ́ ọ, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Àwọn ọmọ ń sá fún un, àwọn òbí ń sá fún tíṣà rẹ̀. Èmi ti jẹ ìyà rẹ̀ tó. Kí ọmọ mi má tún jẹ nínú rẹ̀."

Bóyá ká ní Akínbíyì dákẹ́ ni, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ì bá parí sí. Ṣùgbọ́n èèyàn jẹ́jẹ́ ni, àánú bàbá náà ń ṣe é, ó fẹ́ gbè é lẹ́yìn.

"Òótọ́ lẹ sọ, sà. Ká má tan ara wa, ìṣirò ni ibi tí à ń kó àwọn ọmọ tí kò bá rí ibi gidi wọ̀ sí. Láti ìgbà tí fóònù ti lè ṣe gbogbo rẹ̀, kí ló tún kù? Ohun tó wà níbẹ̀ láti ṣe, àwọn ará àtijọ́ ti ṣe é tán."

Ayẹni rọra yí ọrùn padà sí i. Ọkùnrin lè ráhùn nípa ìyàwó rẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ṣùgbọ́n kí àlejò má bá a dá sí i.

"Ẹ ní wọ́n ti ṣe é tán?"

"Mo kàn ní..."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀." Ayẹni ti dìde. Ó ti gbé fáìlì sílẹ̀, ikùn rẹ̀ yọ síta, kò sì rántí rẹ̀ mọ́. Ó mú máàkà. Èdè òyìnbó ni wọ́n ti ń sọ bọ̀ láti àárọ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá ló bá a débi pátákó náà, nígbà tó sì ṣe, ohùn Ọ̀mùò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lábẹ́ rẹ̀.

"Àwọn nọ́ńbà kan wà," ó wí, "tí kò sí ohun tó lè pín wọn láìṣẹ́kù, àfi ení àti àwọn fúnra wọn. Èjì, ẹ̀ta, àrún, èje, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Olórí kunkun ni wọ́n. Gbogbo nọ́ńbà yòókù, àwọn yìí ni wọ́n fi kọ́ wọn, bí a ṣe ń fi búlọ́ọ̀kù kọ́lé. Ó dáa. Ọ̀gbẹ́ni, ẹ kó gbogbo olórí kunkun ayé yìí jọ, ẹ tò wọ́n síbí. Ẹ sọ fún mi pé kò ku ẹyọ kan níta."

"Kò kù," Akínbíyì wí, tìfuratìfura.

"Ẹ wá ṣe ìsọdipúpọ̀ wọn, gbogbo wọn nínú ara wọn, títí dórí èyí tó kẹ́yìn. Ẹ fi ẹyọ kan péré kún èsì rẹ̀. Nọ́ńbà ńlá kan jáde. Ẹ mú èyíkéyìí lára àwọn tẹ́ ẹ kó jọ, ẹ fi pín in. Ẹyọ kan á ṣẹ́kù. Ẹ mú òmíràn. Ẹyọ kan yẹn náà ni yóò ṣẹ́kù. Kò sí èyí tó pín in tán nínú wọn. Ó túmọ̀ sí pé olórí kunkun kan wà níta tẹ́ ẹ ò kó. Ẹ jáde lọ mú un, ẹ kó o mọ́ wọn, ẹ tún un ṣe, òmíràn á tún wà níta. Kò lè tán láéláé. Ẹnì kan jókòó rò ó láyé àtijọ́, kò ní fóònù, kò ní iná. Ṣé ẹ wá rí i pé ohun tẹ́ ẹ ní ó ti tán yẹn, bí ẹ bá ṣe ń kó o ló ń pọ̀ sí i?"

Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ti sọ irú nǹkan báyìí lójú pátákó gbẹ̀yìn. Ohun tí WAEC máa béèrè ló ń kọ́ àwọn ọmọ, WAEC kò sì béèrè èyí rí.

Akínbíyì ń fi ìka ṣírò nǹkan kan lórí tábìlì. "Ẹ dákun, sà. Ṣé nọ́ńbà ńlá yẹn fúnra rẹ̀ kò lè jẹ́ èyí tó ṣe é pín? Ó lè má jẹ́ olórí kunkun rárá."

Ìbéèrè gidi ni. Ayẹni la ẹnu. Ó mọ èsì rẹ̀. Ó mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n, láti ilé ìwé olùkọ́ni ló ti mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó wá a nínú orí rẹ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú àpò, kò bá a níbẹ̀.

"Ó lè ṣe é pín, sà," Tiwalọlá wí láti orí àga rẹ̀. "Bí a bá mú èjì, ẹ̀ta, àrún, èje, ọ̀kànlá àti ẹ̀tàlá, tí a sọ wọ́n di púpọ̀, tí a fi ẹyọ kan kún un, á di ẹgbàá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó lé mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mọ́kàndínlọ́gọ́ta pín in láìṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n mọ́kàndínlọ́gọ́ta fúnra rẹ̀ kò sí nínú àwọn mẹ́fà tí a kó. Ìta náà ló ti wá. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ Dádì ṣì dúró."

Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń júwe ibi tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ilé sí. Akínbíyì mú fóònù rẹ̀, ó ṣe ìsọdipúpọ̀ náà, ó wò ó, ó fi fóònù dojú bolẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúgbádé ti gbé àgbọ̀n lé ọwọ́. "Bàbá," ó wí, "ẹ ní kò sí nǹkan kan nínú ìṣirò. Mo sì ti gbọ́ ohun tẹ́ ẹ tún wá sọ. Ṣé kí ọmọ yìí kà á ni, àbí kó má kà á?"

Ayẹni dúró lójú pátákó pẹ̀lú máàkà lọ́wọ́. Kò sí ibi tó lè gbà sá. Ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ló wà lẹ́yìn rẹ̀, lára pátákó, ní lẹ́tà gàdàgbà. Ó wo ọmọ rẹ̀. Ó ti wò ó fún ọdún mẹ́tàdínlógún, dókítà ló ń rí. Ọmọbìnrin kúkúrú kan tó fi awò sójú, tó mọ ohun tó pín ẹgbàá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó lé mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ló jókòó síbẹ̀ yìí, ó sì ń wo òun bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kó kà á," ó wí. Ó wá fi máàkà náà sínú àpò kóòtù láìdé e. Akínbíyì ló rọra béèrè rẹ̀ padà nígbà tí wọ́n ń jáde, ṣùgbọ́n ó ti ya odò sí àpò náà.

Máíkírà tó gbé wọn padà ti kọjá Dùgbẹ̀.

"Mọ́kàndínlọ́gọ́ta," Ayẹni wí nígbà tó ṣe. "Ta ló kọ́ ọ?"

"Ìwé yín kan ni, Dádì. Èyí tí kò ní èèpo mọ́, tẹ́ ẹ kó sínú àpótí."

"Ìwé yẹn le."

"Ó le díẹ̀."

"O kà á tán?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì."

Ayẹni kọjú sí fèrèsé. Ẹ̀ẹ̀kan ni òun kà á, kò sì dé ìparí.

Nígbà tí wọ́n délé, ó gba ṣọ́ọ̀bù Bàdírátù lọ. "Ìyá Ramlah, ẹ tàn mí jẹ."

Bàdírátù kò gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Tíṣà, n ò parọ́ fún yín. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ ni kó yàn án. Ẹ̀yin lẹ rò pé ẹ̀yin ni ọmọ náà."

Ó rí ohun tó wà lára kóòtù rẹ̀, ó fún un ní iyọ̀ díẹ̀ pẹ̀lú ọsàn wẹ́wẹ́ méjì pé kó fi fọ àbàwọ́n náà. Kò ṣiṣẹ́. Àrìnpé ní kí wọ́n ṣáà gbé kóòtù náà fún ẹni tó máa bá a mu. Nígbà tó gbọ́ gbogbo bó ṣe lọ, ó jókòó lé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó wá pe Tiwalọlá, ó gbá a mọ́ra fún ìgbà pípẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n dúró kí lẹ́tà tó dé. Àwọn márùn-ún tí wọ́n mú, orúkọ Tiwalọlá ló ṣìkejì. Ohun gbogbo ọ̀fẹ́ ni fún ọdún mẹ́rin, bí kò bá ti jẹ́ kí máàkì rẹ̀ wálẹ̀.

Ìṣòro tó kù ni ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ Àìkú tí wọ́n dúpẹ́, Bàbá Ìjọ fi ọ̀pá tilẹ̀ wá bá wọn lẹ́nu ọ̀nà, eékún kan ṣáájú ìkejì.

"Dókítà wa ti wọlé. Ọlọ́run ṣeun. Ọdún mélòó ló kù tó máa fi wo eékún yìí?"

Ayẹni wo Àrìnpé. Àrìnpé wo òrùlé. "Bàbá," Ayẹni wí, "dókítà ni yóò pàpà jẹ́, bó bá kà á débi tó ga jù. Ṣùgbọ́n irú dókítà tí wọn kì í jẹ́ kó fọwọ́ kan èèyàn ni."

Bàbá Ìjọ rò ó díẹ̀. "Ti ẹranko?"

"Ti nọ́ńbà, sà."

Bàbá àgbà náà wo eékún rẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run máa bá wọn ṣe é.

Oṣù kẹwàá ni Tiwalọlá wọlé. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n dá, ọjọ́ Ajé náà ni wọ́n sì wọlé. Ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn ìyẹn, ní ọ̀sán Sátidé, ó pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù. Ó ní wọ́n fún àwọn ní ìbéèrè kan ní kíláàsì, òun sì fẹ́ mọ bí Dádì á ṣe gbà á. Ayẹni gbé tábìlì kékeré sí ìta, ó kọ ìbéèrè náà sílẹ̀, ó ní kó pe òun padà ní wákàtí kan. Nígbà tí ọmọ náà pè, ó ní kó fi wákàtí kan sí i. Àrìnpé gbé ẹ̀wà àti búrẹ́dì wá, ó tutù síwájú rẹ̀.

"Ṣé ẹ ti rí i?" Àrìnpé béèrè.

"N ò rí i," Ayẹni wí. "N ò tilẹ̀ mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀."

Ojú rẹ̀ ń dán bó ṣe ń sọ ọ́. Ó fa ẹ̀wà náà mọ́ra, ó jẹ ṣíbí kan, ó sì ya ìwé mìíràn.